Ẹ̀yìnkùlé Là Ń Wò Ká Tó Ra Irúgbìn

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa sọ n'Ìbàdàn rèé, lẹ́yìn ìmọ́tótó ìparí oṣù. Àwọn tí kò lè wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fáwọn. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́, ibi tí wọ́n ti ń jà lórí owó tiransifọ́mà nìkan ni mo yọ kúrò.

Alága wa, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ìyàwó ilé, àti ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n rán wá dípò òbí yín kí wọ́n má baà san owó ìtanràn, ẹ kú ìmọ́tótó o. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn ń ro yín, mi ò ní pẹ́. Wọ́n ní kí n wá sọ bí èèyàn ṣe lè gbin nǹkan sẹ́yìnkùlé kó sì yè. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ níṣẹ́ àgbẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀yin náà lẹ sì sọ mí ní Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́. Orúkọ náà kò bí mi nínú.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Tó bá wá kan ọ̀rọ̀ igi àti ewébẹ̀, a kì í wo ilé. Àkọ́rọ̀ òjò á rọ̀ lóṣù kẹta, a ó bọ́ sí títì, a ó rí ẹni tó to igi wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá dúdú lẹ́bàá ọ̀nà, ewé wọn á máa dán, a ó ra mẹ́ta. Ìgbà tí a bá délé la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí a ó gbìn wọ́n sí. A ti sọmọ lórúkọ tán ká tó wojú ilé.

Èmi náà ti ṣe é rí. Lọ́dún tí a kó dé àdúgbò yìí, mo ra igi máńgòrò kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tà á létí títì. Ó ní àgíríkì ni, ó ní ọdún kẹta ló máa so, pé ọ̀kan á tó orí ọmọ ọwọ́. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́kọ̀ọ́, mi ò bẹ̀rẹ̀ wo ìdí igi náà. Igi máńgòrò tí wọ́n bá gé lórí tí wọ́n fi ẹ̀ka máńgòrò gidi lẹ̀ mọ́ ọn máa ń ní àpá níbi tí méjèèjì ti mú ara wọn, lókè ilẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ á wú, á sì tẹ̀ díẹ̀ bí ìgúnpá. Èyí tí mo rà gún gbọọrọ bí ọ̀pá ìgbálẹ̀. Kóró ni wọ́n kàn rì sínú ọ̀rá. Mo wá lọ gbìn ín sí ibi tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ sí fẹ́ǹsì, torí pé ibẹ̀ ló ṣófo. Ọdún kẹjọ ló tó so. Èso rẹ̀ kò ju ẹyin adìẹ lọ, okùn ló kún inú rẹ̀, tí èèyàn bá jẹ ẹ́ tán á máa ta eyín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kó tó dìgbà yẹn, gbòǹgbò rẹ̀ ti wọ abẹ́ fẹ́ǹsì, ògiri ti sán láti òkè délẹ̀. A sanwó fún ẹni tó gé e, a tún sanwó fún bíríkìlà. Mi ò tíì rí máńgòrò tó wọ́n tó ìyẹn lọ́jà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wojú ilé.

Oòrùn lẹ ó kọ́kọ́ wò. Ẹ jáde sẹ́yìnkùlé ní aago 8 àárọ̀, ẹ tún jáde ní aago 12, ẹ tún jáde ní aago 4 ìrọ̀lẹ́, kí ẹ máa fi igi wẹ́wẹ́ sàmì síbi tí oòrùn dé. Ata, tòmátì, ilá, ewédú, tẹ̀tẹ̀, gbogbo wọn ló ń fẹ́ oòrùn bíi wákàtí 6 lójúmọ́, ó kéré tán. Bí kò bá tó wọn, wọn á tẹ́ẹ́rẹ́, wọn á máa na ọrùn bí ẹni tó ń wòran lẹ́yìn èrò, ewé wọn kò sì ní tó nǹkan. Ẹni tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò bá bo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó má wulẹ̀ bá ata jà. Wọ̀rọ̀wọ́ ni kó gbìn. Abẹ́ kòkó àti abẹ́ obì làwọn ìyá wa ti ń já wọ̀rọ̀wọ́, ibòji ló mọ̀, oòrùn gangan ló ń pa á. Gbúre náà kò ka ibòji sí. Ìyá kan wà ní òpópónà kejì sí wa tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kì í rí oòrùn ju wákàtí mẹ́ta lọ. Wọ̀rọ̀wọ́ tó ń já níbẹ̀, ó ń jẹ ẹ́, ó ń tà nínú rẹ̀.

Omi ló tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ tí òjò ńlá bá dá, ẹ jáde lọ wo ibi tí omi dúró sí. Ibi tí omi bá ti dúró di ọjọ́ kejì, ẹ má gbin ìbẹ́pẹ́ síbẹ̀, ẹ má gbin tòmátì síbẹ̀, ìdí wọn á jẹrà. Kókò ni kí ẹ gbìn síbẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ fẹ́ omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ adágún. Omi tó ń ṣàn kọjá ló fẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibi tí omi balùwẹ̀ ń gbà jáde làwọn bàbá wa máa ń gbìn ín sí.

Ilẹ̀ wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé tuntun láyìíká wa, wọ́n ti ha ilẹ̀ dúdú tó wà lókè kúrò kí wọ́n tó kọ́lé, wọ́n wá fi tírélà kó ilẹ̀ pupa wá dí kòtò. Lẹ́yìn èyí, bíríkìlà da àjẹkù sìmẹ́ǹtì àti fífọ́ búlọ́ọ̀kù sí i. Lórí ohun tí ẹ fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ sí nìyẹn. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ tó tutù, ẹ fún un pọ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Bó bá di òkìtì bí òkèlè àmàlà tí kò fẹ́ fọ́, amọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá tú ká kí ẹ tó lajú ọwọ́, yanrìn ni. Bó bá dúró, tí ẹ fi ìka tọ́ ọ tó fọ́ wẹ́wẹ́, ẹ dúpẹ́. Àtamọ̀ àtiyanrìn, ohun kan náà ló ń tún wọn ṣe: ìdọ̀tí ilé tó ti jẹrà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí ibí ni mo ti máa ń bá àwọn ọkọ mi àdúgbò jà. Ẹ rántí ààtàn ẹ̀yìn ilé nígbà tí a wà ní kékeré. Ta ló gbin ata síbẹ̀? Ta ló gbin tòmátì wẹ́wẹ́ yẹn, tó ń so títí tí ẹnì kankan kò fi bomi rin ín rí? Ìbẹ́pẹ́ tó ga jù nínú agbo ilé, ààtàn ló máa ń wà. Kò sẹ́ni tó gbìn wọ́n. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, eérú ààrò, háhá àgbàdo, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bọ́ ilẹ̀ yẹn láìmọ̀. Lónìí, a ó gbálẹ̀ láràárọ̀ títí ojú ilẹ̀ á fi máa dán bí àwo, a ó kó ewé jọ, a ó ṣáná sí i. Ẹ̀fin á bo ilé ẹni tó fọ aṣọ funfun. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó gba ọjà lọ ra àpò ajílẹ̀. Owó lẹ dáná sun yẹn o.

Ẹ gbẹ́ kòtò tí kò ju orókún lọ sí igun kan, kó jìnnà díẹ̀ sí kànga. Ewé tí ẹ gbá, èèpo iṣu, èèpo ọsàn, ewé ẹ̀fọ́ tí ẹ ṣà kúrò, ẹ máa dà á síbẹ̀. Tí ẹ bá ti da nǹkan tútù, ẹ fi ewé gbígbẹ bò ó lórí, kò ní rùn, eṣinṣin kò sì ní dé. Ẹ má da egungun, ẹ má da ọbẹ̀ tó ṣẹ́kù, torí ajá àti eku. Ẹ máa fi ọkọ́ yí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ bomi wọ́n ọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, ohun tó kù níbẹ̀ á dúdú, á máa tú lọ́wọ́, á máa rùn bí inú igbó lẹ́yìn òjò. Ohun tí ẹ ó dà sórí ilẹ̀ pupa yẹn nìyẹn kí ẹ tó gbin ohunkóhun.

Ìgbẹ́ adìẹ náà dára, ó tilẹ̀ lágbára jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ó gbóná. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi kó o tútù láti ilé adìẹ, ó sì fi yí ìdí tòmátì ogún ká nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Ajé, ewé wọn ti wé bíi tábà. Ẹ kó o jọ, kó wà lábẹ́ ibòji fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ẹ tó lò ó, kí ẹ má sì jẹ́ kó kan ara igi.

Ó wá ku kí a yan ohun tí a ó gbìn. Èrò tèmi ni pé ìkòkò ọbẹ̀ yín ni kó yàn án fún yín. Ẹni tí kì í jẹ ewédú, kí ló ń gbin ewédú fún? Ẹ ka ọbẹ̀ tí ẹ sè lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ wo ohun tí ẹ rà léraléra lọ́jà, èyí tó jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ lẹ fẹ́ ṣùgbọ́n tí olùtà kò ní ta díẹ̀ fún yín. Ẹ̀fínrín nìyẹn. Ata rodo nìyẹn. Wọn kò gba ààyè, wọn kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí ilẹ̀kùn kíṣìnnì. Ẹ̀fínrín tó wà ní ìsàlẹ̀ ọgbà, tí òjò bá ń rọ̀, ẹ kò ní lọ já a, ẹ ó se ọbẹ̀ láìfi sí i. Mo ti rí i.

Ẹni tí kò bá gbin nǹkan rí, kó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí kì í kú: ewúro, gbúre, ẹ̀fínrín. Wọ́n á dárí jì í tó bá gbàgbé wọn. Ewúro, igi rẹ̀ nìkan lẹ nílò, ẹ kò ní wá kóró kiri. Gbúre, ẹ já ọ̀pá rẹ̀ níbi tí ẹ ti ń ṣa ẹ̀fọ́, ẹ rì í mọ́lẹ̀, ó parí. Ewu gbúre kan ṣoṣo ni pé bó bá ti wọlé, kò ní jáde mọ́.

Tẹ̀tẹ̀ ló tẹ̀ lé wọn, pẹ̀lú ṣọkọ yòkòtò. Kóró tẹ̀tẹ̀ kéré bí iyọ̀ tí wọ́n lọ̀, ẹni tó bá fi ọwọ́ fọ́n ọn báyìí, ibì kan á ki bí irun orí, ibì kan á pá. Ẹ fi yanrìn gbígbẹ bí agolo mílíìkì mẹ́ta pò ó mọ́ kóró tó kún ṣíbí kékeré kan, kí ẹ wá fọ́n ọn. Ẹ fi ìgbálẹ̀ rọra gbá ojú ilẹ̀ náà, kí kóró lè bọ́ sínú rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Èèrà nìkan ni ẹ ó máa ṣọ́, torí pé wọ́n máa ń kó kóró náà ní kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kó ẹrù ọjà. Ní bí ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, tó bá ti yọ, ẹ ká imọ̀ kúrò kíákíá. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ jù, á funfun. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ ti ń jẹ ẹ́. Ẹ má fà á tu pátápátá: ẹ gé e ní bí ìdajì ẹsẹ̀ bàtà sílẹ̀, yóò yọ ẹ̀ka, ẹ ó tún gé. Ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó lẹ́nu ni kí ẹ tu ú, torí pé ewé ti tán nínú rẹ̀. Lásìkò òjò líle, ẹ má jẹ́ kó ki jù; bí afẹ́fẹ́ kò bá ráàyè kọjá láàárín wọn, ọ̀pá àti ewé wọn á jẹrà, á máa yọ̀.

Ewédú ló máa ń dójú ti àwọn èèyàn. Wọ́n á gbìn ín, wọn kò ní rí nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á ní kóró tí wọ́n rà ti kú. Kò kú, ó ń sùn ni. Èèpo ara rẹ̀ le tó fi jẹ́ pé omi kì í wọ inú rẹ̀. Ìyá tó kọ́ mi ní èyí kò ka ìwé kankan. Á di kóró ewédú sínú aṣọ kékeré, á hó omi, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kúrò lórí iná, á rì í sínú omi gbígbóná yẹn, á ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé ẹ̀wá, á fà á yọ, á rì í sínú omi tútù. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré. Bó bá fi dé ìṣẹ́jú kan, ó ti se é nìyẹn. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gbẹ díẹ̀, kí ẹ fọ́n ọn. Ní ọjọ́ karùn-ún, ewé á ti yọ sókè nínú ilẹ̀. Nígbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n wá ń kọ́ wa ní ohun kan náà, ńṣe ni mò ń rẹ́rìn-ín.

Ilá kò le. Ẹ rẹ kóró rẹ̀ mọ́jú, ẹ rì í síbi tí yóò dàgbà sí, torí kò fẹ́ kí wọ́n tu òun láti ibì kan lọ síbòmíràn. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í so, ọjọ́ méjì méjì lẹ ó máa ká a, kó má baà kó. Wọ́n ní ilá kì í ga ju akórè lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń rìnrìn àjò lọ sí Èkó ní ọjọ́ Ajé tí ẹ ń padà ní ọjọ́ Jímọ̀, ọbẹ ni ẹ ó fi máa là á lórí bí igi ìdáná. Ẹ gbin nǹkan mìíràn.

Úgú, àwọn ará wa Ìgbò ló fi hàn wá, ó sì ti di tiwa. Kóró rẹ̀ kò fẹ́ gbígbẹ. Láti inú èso lẹ ó ti yọ ọ́, ẹ kò ní tọ́jú rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ rì í mẹ́rin ó kéré tán, torí pé akọ wà, abo wà, ẹ kò sì lè dá wọn mọ̀ títí wọ́n á fi yọ òdòdó. Ẹ ṣe àtẹ̀gùn igi tàbí okùn fún un kó gùn.

Ata àti tòmátì nìkan ni mo ní kí ẹ ṣe ibi ìtọ́jú fún, nínú páànù tí ẹ lu nídìí tàbí nínú àpótí kékeré. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ gbé wọn lọ síbi tí wọ́n máa wà. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ́ wọn, kì í ṣe àárọ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ẹ kì í gbé e sínú oòrùn. Lẹ́yìn tí ẹ bá sì ká wọn tán, ẹ má gbin tòmátì, ata tàbí ìgbá (ìkàn) padà sí ojú ilẹ̀ kan náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, torí mọ̀lẹ́bí kan ni wọ́n, àìsàn tó ń gbé inú ilẹ̀ ń dúró dè wọ́n. Ẹ fa èyí tó kú tu, ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀. Bí ẹ bá rí kókó wúruwùru lára rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, àwọn aràn tíntìntín kan tí ojú kò lè rí ló wà nínú ilẹ̀ yẹn. Ewédú, ilá àti ṣọkọ náà kì í bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ gbin àgbàdo síbẹ̀ fún ìgbà kan ná.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ kòkòrò, torí mo mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ yín. Ìgò kékeré yẹn, èyí tí ẹ ń lò fún aáyán àti ẹ̀fọn. Ní 2019, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de títa oògùn apakòkòrò dichlorvos nínú ìgò 100ml àtèyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀, torí pé wọ́n ń gbé e mu, wọ́n sì ń dà á sí oúnjẹ. Mo ṣì ń rí àwọn tó ń wọ́n ọn sí ẹ̀fọ́ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kí wọ́n já a ní àárọ̀ Sọ́ńdè. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín tiyín àti èyí tí ẹ ń sá fún lọ́jà? Ọgbà ẹ̀yìnkùlé kéré tó fi jẹ́ pé ọwọ́ lẹ ó fi ṣẹ́gun nínú rẹ̀. Tata kì í lè fò láàárọ̀ kùtù tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ ṣà á sínú omi ọṣẹ. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé, ẹ fi omi ọṣẹ tí kò ki fọ̀ wọ́n, abẹ́ ewé gan-an ni kẹ́ ẹ fọ̀. Ewé dóńgóyárò tí ẹ gún tí ẹ rẹ mọ́jú tí ẹ sẹ́, ó ń dá ọ̀pọ̀ wọn dúró. Eérú gbígbẹ tí ẹ wọ́n sára ewé láàárọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ títí òjò á fi rọ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó tún un ṣe. Kò sí èyí tó lágbára tó májèlé nínú wọn, ẹ ó rí ihò lára ewé díẹ̀. Ọbẹ̀ kì í ka ihò.

Nípa omi, ẹ̀yin tí ẹ ń wọ́n ọn ṣọ́ṣọ́ lójoojúmọ́, ojú ilẹ̀ lẹ ń fọ̀. Gbòǹgbò á kọjú sókè wá omi, oòrùn á sì pa á. Ẹ fi ìka bọlẹ̀ dé oríkèé kejì. Bí ibẹ̀ bá tutù, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Bó bá gbẹ, ẹ bomi rin ín dáadáa láàárọ̀ kó dénú. Láti oṣù kọkànlá tí ọyẹ́ bá ti ń bọ̀, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí gbogbo wọn. Omi tí ẹ ń pọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta á di ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí koríko náà kan ara igi o, ikán fẹ́ràn rẹ̀.

Àwọn tí wọ́n ti fi kọnkéré bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé, ẹ má bọ́hùn. Àpò ìrẹsì tó ti ṣófo, ẹ ká etí rẹ̀ wálẹ̀ dé ìdajì, ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀, ẹ fi ilẹ̀ dúdú kún un. Ata rodo mẹ́ta á wà nínú ọ̀kan. Ẹ kàn rántí pé ilẹ̀ inú àpò máa ń gbẹ kíákíá, àti pé ohun tí ẹ bá gbé sábẹ́ rẹ̀ láti gbomi, ẹ̀fọn á yé sí i.

Àwọn igi tí a kì í jẹ náà wà. Pèrègún ni kí ẹ fi pààlà, òun làwọn bàbá wa fi ń pààlà ilẹ̀. Ẹ gé igi rẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀, ó di tìran tìran. Akòko tí a fi ń wúyè, ẹ̀ka rẹ̀ náà ń hù bẹ́ẹ̀, àmọ́ kó jìnnà sílé. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil kò jẹ́ kí orúkọ wọ̀nyí parun: nínú ọgbà ilé ẹ̀sìn òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Candomblé ní Bahia, pèrègún ṣì ń jẹ́ peregun, akòko sì ń jẹ́ acocô. Lápálàpá nìkan ni mo ní kí ẹ má fi ṣọgbà tí ọmọ kékeré bá wà nílé. Kóró rẹ̀ dà bí ohun tó ṣeé jẹ, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló wà nínú rẹ̀.

Bàbá kan dìde, wọ́n ní ejò ńkọ́? Wọ́n ní àwọn fi kọnkéré bo ẹ̀yìnkùlé torí ejò ni. Mo ní, “Bàbá, ejò kì í wá jẹ ẹ̀fọ́. Eku àti ọ̀pọ̀lọ́ ló ń wá wá, òkìtì búlọ́ọ̀kù àti pákó tí ẹ tò sẹ́yìn ilé láti ọdún mẹ́ta sì ni eku ń gbé.” Ẹ mọ̀ pé wọn kò dá mi lóhùn, wọ́n kàn wo pákó wọn lọ́hùn-ún.

Ìyàwó kan náà béèrè: “Mọ̀mí, ìbẹ́pẹ́ mi ń yọ òdòdó láti ọdún tó kọjá, kò so. Wọ́n ní kí n kan ìṣó mọ́ ọn.” Mo ní kó ṣàpèjúwe òdòdó náà. Ó ní wẹ́wẹ́ ni, wọ́n so rọ̀ lórí okùn gígùn. Akọ ni, ìyàwó mi. Kò sí ìṣó tó ń sọ akọ di ìyá. Ẹ jẹ́ kí ẹyọ kan wà tí abo bá wà nítòsí, kí ẹ gé ìyókù. Nígbà mìíràn, ẹ rì í mẹ́ta sínú ihò kan, tí wọ́n bá yọ òdòdó tán, kí ẹ fi èyí tó dára sílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ra igi eléso, kó lọ béèrè ní iléeṣẹ́ ìwádìí NIHORT ní Ìdí-Ìṣin níbí. Láti 1975 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá a sílẹ̀, iṣẹ́ wọn sì ni èso, ewébẹ̀ àti fúláwà. Bí ó bá sì jẹ́ létí títì lẹ ti fẹ́ rà á, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ìdí rẹ̀.

Mo ti parí. Igi ewúro ló wà nínú àpò yìí, mo gé wọn láàárọ̀ kí n tó wá gbálẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan gùn tó láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Ibi tí mo gé ṣọnṣọ ni ìdí, ibi tí mo gé pẹrẹsẹ ni orí. Ẹ fi ṣọnṣọ rì í, kó dà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ojú méjì wà nínú ilẹ̀, kí ojú méjì wà lókè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì á rú. Ẹ jọ̀ọ́, méjì méjì ni o. Alága, ẹ fi tìyàwó yín sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ti mú.